Omi Kí Ó Tó Kan Òrí: Ìgbésí Ayé Àlhájà Àdìjátù Àbẹ̀ní Ọlágòkè, Onídìrí Ṣakí (1952–2025)

Ṣàngóbùnmi, ìyá tó bí bàbá Màmá, ni ó kọ́kọ́ sọ fún Màmá pé irun tó bá gbẹ, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ní Ìgbòho ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò òrí tí ìyá àgbà ń sè lọ́wọ́. Màmá kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà náà. Wọ́n ti bu òrí sọ́wọ́, wọ́n fẹ́ fi pa irun orí wọn ní gbígbẹ, ni ìyá àgbà bá gbá wọn lọ́wọ́. "Ta ló ń fi òrí fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ? Omi ni kí o kọ́kọ́ fún un. Bó bá mu omi tán, kí o wá fi òrí ti ilẹ̀kùn mọ́ omi náà, kí ọyẹ́ má baà jí i gbé." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Màmá fi ṣiṣẹ́ jẹun, òun ni wọ́n fi tọ́ ọmọ, òun náà ni wọ́n sì fi múra ìrìn àjò tí wọ́n lọ yìí sílẹ̀.

Ẹbí Ọlágòkè ní Ṣakí àti ẹbí Ọ̀jẹ̀túndé ní Ìgbòho kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi oko àti ọjà sílẹ̀ wá bá wọn ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ ire. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá bẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ ikú: kí ọwọ́ ẹni tí yóò wẹ̀ wọ́n má lọ fa irun orí wọn tu. Ẹ ó gbọ́ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe parí. Ẹ má tíì sunkún.

Ìlú Ìgbòho ni wọ́n ti bí Màmá ní ọdún 1952, nígbà tí iṣu tuntun ń wọlé. Ọ̀jẹ̀túndé, àgbẹ̀ oníṣu, ọmọ agbo ilé ọlọ́jẹ̀, ni bàbá wọn. Àtinúkẹ́, obìnrin tí èlùbọ́ rẹ̀ máa ń tán kí ọjà tó kún, ni ìyá wọn. Àbẹ̀ní ni orúkọ tí wọ́n fi kí wọn káàbọ̀ sáyé. Ilé ọkọ ni wọ́n ti gba orúkọ Mùsùlùmí, Àdìjátù. Irun orí wọn pọ̀, ó dúdú, ó ká kíńkíń bí òrùka, ṣùgbọ́n gbígbẹ rẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, irun náà á ta kókó, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn ẹgbẹ́ wọn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí Àbẹ̀ní kò gba òòyà, àfi kí wọ́n gbé ọkọ́ wá kọ ọ́ bí ebè. Ìyá àgbà ni ó gbà wọ́n lọ́wọ́ yẹ̀yẹ́ náà. Láàárín ọdún kan, irun tí wọ́n ní kò gba òòyà ti dé èjìká, àwọn ẹlẹ́yà sì ti ń jókòó síwájú Àbẹ̀ní kí ó bá àwọn náà dì í.

Màmá kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ ní kékeré. Àwọn ọmọkùnrin ni bàbá wọn rán lọ, èyí kò sì yà ẹnikẹ́ni lẹ́nu láyé ìgbà náà. Ìgbà tí wọ́n dàgbà ni wọ́n tó mọ̀wé, a ó sì dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1971, Màmá fẹ́ Kàdírì Ọlágòkè, awakọ̀ tó máa ń wá kó iṣu láti Ìgbòho lọ sí Ṣakí. Kò tíì dé Mẹ́kà nígbà náà, Kàdírì lásán ni gbogbo ayé ń pè é. Wọ́n ní ìgbà mẹ́rin ló wá kó iṣu tó sì gbàgbé láti kó o, nítorí ọmọbìnrin tó ń dirun lábẹ́ igi níwájú ilé. Ní ọdún 1973, wọ́n bí Fàrídà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn. Ìgbà náà ni orúkọ Màmá di Ìyá Fàrídà ní gbogbo Ṣakí.

Abẹ́ ìbòrí páànù níwájú ilé ọkọ wọn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹbí kò ní purọ́ fún un yín pé wọn kò ṣe àṣìṣe rí. Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 1975, Bọ́sẹ̀, ọmọ Ògúndèjì alágbẹ̀dẹ, wá dirun ìyàwó. Ọ̀la ni ìgbéyàwó. Èrò pọ̀ níwájú ìsọ̀, oyún ọmọ wọn kejì, Mákánjúọlá, wà nínú Màmá, ara wọn kò sì gbà á. Irú àṣìṣe tí gbogbo ilé ń ṣe nígbà ọyẹ́ ni àwọn náà ṣe lọ́jọ́ yẹn. Wọn kò fún irun lómi. Òrí tí ọyẹ́ ti mú kó le bí òkúta ni wọ́n fi pa á ní gbígbẹ, wọ́n sì ki òòyà bọ̀ ọ́ láti ìdí. Irun iwájú orí ìyàwó tẹ̀lé òòyà wá.

Bọ́sẹ̀ gba dígí, ó wo ara rẹ̀, ó tún un wò. "Ìyá Fàrídà, bàbá mi nìkan ni apárí nílé wa. Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe igbákejì wọn ni?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n bá a wé gèlè sísàlẹ̀ débi ìpéǹpéjú kí ó lè ṣe ìyàwó láìsí ìtìjú. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi ń lọ bá a nílé ọkọ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, látorí oyún títí dórí ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ irun náà, wọ́n á fi ọwọ́ yọ́ òrí títí yóò fi dà bí epo, wọ́n á fi pa á díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì fi òwú dúdú kó o láìfà á. Nígbà tí irun náà hù padà, Bọ́sẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn pé: "Ẹ wá wò ó o. Ọkọ mi ní òun kò mọ̀ pé irú ẹni báyìí ni òun fẹ́." Títí di òní, orí Bọ́sẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí irun rẹ̀ bá gbẹ tó sì lọ́ mọ́ra, Màmá kò jẹ́ fi òòyà kàn án kí ó tó mu omi. Láti ṣóńṣó ni wọ́n ti máa ń tú u, wọ́n á fi ọwọ́ kan di ìdí rẹ̀ mú kí orí má baà dun olórí, wọ́n á sì máa fi ìka yà á bọ̀ wá sí ìdí. Kókó tí kò bá gbọ́, wọ́n á tún fún un lómi, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á sì máa bá olórí sọ̀rọ̀ ọjà títí yóò fi rọ̀. Wọn kò fẹ́ràn ọṣẹ líle rárá. "Ọṣẹ ìfọṣọ lẹ fi fọ̀ ọ́? Ṣé ilé ni irun yín ti ń gbé ni àbí okùn tí ẹ ń sá aṣọ sí?" Ọ̀rọ̀ wọn a máa ta, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn tutù. Nígbà tí rílásà wọ̀lú tí gbogbo ọmọge ń fẹ́ kí irun wọn nà bí koríko, Màmá ṣe é fún ẹni tí irun rẹ̀ lè gbà á. Ẹni tí irun rẹ̀ bá gbẹ, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ọ̀pọ̀ bínú lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ló fi gèlè bo orí padà wá, Màmá kì í sì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rù tí a ti ń sọ bọ̀ wá dé ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 1993. Ìyá ọkọ Màmá ni ó jáde láyé. Àwọn ìyá tó ń wẹ òkú ní mọ́sálásí ti wẹ̀ wọ́n tán, ó ku irun. Gbogbo ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé a máa ń tú irun òkú obìnrin, a óò fọ̀ ọ́, a óò sì dì í ní ìdì mẹ́ta, a óò tẹ́ ẹ sẹ́yìn orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ti fọ gbogbo òróró kúrò lára irun ìyá náà, káfúrà, oògùn olóòórùn tí a máa ń fi sínú omi ìkẹyìn, sì ti mú un gan bíi kànìnkàn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọkùnrin ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, wọ́n ń pè láti ìta pé kí wọ́n ṣe kíá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wẹ̀ bá mú òòyà, ó sì fà á láti ìdí. Ìdìpọ̀ irun funfun kan bọ́ sí i lọ́wọ́.

Màmá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bútà omi lọ́wọ́. Ìyàwó ilé ni wọ́n, wọn kò lè bá àgbà wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa irun náà, wọ́n sì kó o sínú aṣọ funfun kí ó lè bá ẹni tó ni ín lọ. Fàrídà, tó ti di ọmọ ogún ọdún, ń gbé omi bọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó rí ìdìpọ̀ irun náà. Ó ju garawa sílẹ̀, ó sá gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ. Láti ọjọ́ náà, kò tún wọ ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú mọ́, ìbáà ṣe òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó bi Màmá pé: "Òkú kò kúkú mọ̀ ọ́n, àbí?"

Màmá ní: "Bí òkú kò mọ̀ ọ́n, èmi mọ̀ ọ́n."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí Màmá fi lọ bá Ìyá Àmúdà, olórí àwọn tó ń wẹ òkú, pé àwọn fẹ́ bá wọn ṣe é. Ìyá Àmúdà wò wọ́n lókè wò wọ́n nílẹ̀. "Onídìrí, àwọn oníbàárà tibí kì í yin ẹnikẹ́ni o."

"Wọn kì í bú èèyàn náà," ni Màmá dá a lóhùn.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n sì fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣe é, nínú oòrùn, nínú òjò, láìwo ilé olówó tàbí ilé tálákà. Àáfà sọ fún wọn pé omi àti ọwọ́ pẹ̀lẹ́ tó, kò pọn dandan kí òòyà kan irun náà. Iṣẹ́ yẹn ni ó là wọ́n lójú sí ohun kan. Irun tí a bá ń tọ́jú láàyè a máa gbọ́ràn lọ́jọ́ ikú. Èyí tí a fi sílẹ̀ kó gbẹ, àfi kéèyàn máa bẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lọ káàkiri bá àwọn arúgbó ìlú, wọ́n á bu omi sí wọn lórí, wọ́n á fi òrí pa á, wọ́n á sì kó o ní òwú. Àwọn kan rò pé fáàrí ni Màmá fẹ́ kọ́ àwọn ìyá àgbà. Àwọn ìyá àgbà náà kò kọ̀ ọ́; ọ̀kan tiẹ̀ ní ká ní òun mọ̀ pé ọjọ́ ogbó ń bọ̀ pẹ̀lú ṣùkú, òun ì bá ti tètè darúgbó.

Ní ọdún 2003, nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, Màmá forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́. Olùkọ́ ní kí oníkálùkù kọ orúkọ rẹ̀. Màmá ní orúkọ àwọn kò sá lọ síbì kan, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń kọ "omi". Òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹfun kọ sára pátákó. Ní ọdún 2009, àwọn ọmọ rán wọn lọ sí Mẹ́kà, ọkọ wọn sì ti ṣíwájú wọn débẹ̀. Àlhájì Kàdírì papòdà ní ọdún 2014. Màmá ṣe igbákejì alága ẹgbẹ́ onídìrí fún ọdún mẹ́wàá, ọmọ iṣẹ́ tó gba òmìnira lọ́wọ́ wọn kò sì dín ní ogójì.

Ní ọdún 2022, ẹ̀jẹ̀ ríru mú ọwọ́ òsì wọn rọ. Ọwọ́ tó ti tún orí gbogbo ìlú ṣe kò lè dé orí ara rẹ̀ mọ́. Àìsàn àti ìdùbúlẹ̀ mú kí irun wọn padà sí gbígbẹ ìgbà èwe. Òwú ara ìrọ̀rí ń mu gbogbo omi inú rẹ̀, irun ìpàkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Fàrídà, tí òun náà ti ní ìsọ̀ onídìrí tirẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ mọ́tò wá sí Ṣakí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó fi síkáàfù tó ń yọ̀ bọ ìrọ̀rí Màmá lára. Ó ń fún irun náà lómi, ó ń fi òrí tì í, ó sì ń kó o. Díẹ̀díẹ̀, irun náà rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, orí Màmá wà lórí itan Fàrídà, ni wọ́n bá ní: "Fàrídà, ta ni yóò dì í fún mi?"

"Èmi náà ni mò ń dì í yìí."

"Kì í ṣe tòní ni mò ń wí."

Fàrídà bu òrí sọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá Àmúdà wà níbẹ̀."

"Ìyá Àmúdà kò rí igi mọ́, irun mi ni yóò rí?"

"Màmá, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ ó pẹ́."

"Màá pẹ́. Lẹ́yìn tí mo bá pẹ́ tán ńkọ́?"

Fàrídà jẹ́wọ́ fún Màmá pé ìdìpọ̀ irun funfun ọjọ́sí kò tíì kúrò lójú òun, àti pé ẹ̀rù ń ba òun pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ òun. Màmá kò bá a wí. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, wọ́n ní kó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n pa ojú dé. "Ó yá, gbà pé mo ti kú." Fàrídà bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun náà.

Màmá kò la ojú. "Òkú kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n o ń fà mí nírun o."

Ẹ̀rín mú Fàrídà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún ọwọ́ mú. Ó dì í ní ìdì mẹ́ta, ó tú u, ó tún un dì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, oorun gidi ti gbé Màmá lọ, wọ́n sì ń hanrun. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò béèrè ìbéèrè yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n Fàrídà mọ̀ pé orí ààyè ni òun dì, kò sì tíì dá ara rẹ̀ lójú.

Kí Màmá tó lọ, wọ́n ti rí ọmọ, wọ́n rí ọmọ ọmọ. Àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn wọn ni Fàrídà, Mákánjúọlá, àti àwọn ìbejì, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Wọ́n fi ìyàwó ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ọmọ mẹ́rìnlá, tí Ọpẹ́olúwa jẹ́ àgbà wọn, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì tí Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan fi òrí pa irun wọn ní ọjọ́ ìkómọ. Kò sí ọ̀kan tó ṣáájú wọn lọ. Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 2025, lẹ́yìn àdúrà Àsùbáà, Màmá ní kí wọ́n fún àwọn lómi. Wọ́n mu ún, wọ́n sùn, wọn kò jí mọ́. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni wọ́n. Ìrora kankan kò sí níbẹ̀. Ọyẹ́ ọjọ́ náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí òpin àdúgbò. Wọ́n tẹ Fàrídà láago ní Ìsẹ́yìn. Àwọn tó ń wẹ òkú ti dé, ilẹ̀ ti di gbígbẹ́, àwọn kan sì ń kùn pé kí wọ́n má dúró mọ́. Mákánjúọlá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Àǹtí mi ń bọ̀," ni kò yé sọ. Kò mọ̀ bóyá Àǹtí rẹ̀ yóò wọlé bó bá dé.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Fàrídà tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, eruku bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Ó dúró ní ìloro. Ó dúró pẹ́. Nígbà tó yá, ó bọ́ bàtà, ó ká ọwọ́ aṣọ, ó sì wọlé.

Wọ́n wẹ Màmá. Wọ́n fọ irun náà, wọ́n fi omi káfúrà ṣàn án. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí òòyà. "Ẹ jọ̀ọ́, Màá, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́," ni Fàrídà wí. Ó tún da omi sí i. Ó fi ọwọ́ kan di ìdí irun náà mú bí ẹni pé ó lè dun olórí, ó sì fi ìka yà á láti ṣóńṣó. Wọ́n tún ń pè láti ìta pé kí wọ́n ṣe kíá. Fàrídà kò kánjú. Irun náà gbọ́ràn. Òrí àti omi ọdún méjì wà nínú rẹ̀, káfúrà kò rí i gbé ṣe. Ó di ìdì kìíní, ó di èkejì, ó di ẹ̀kẹta, ó sì tẹ́ wọn sẹ́yìn orí ìyá rẹ̀. Kò sí ìdìpọ̀ irun kankan tó bọ́ sílẹ̀.

Ìyá Àmúdà, tí ojú rẹ̀ ti bàìbàì, fi ìka tọ ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Àlùhámúdùlíláì. Àdìjátù, ọkàn rẹ balẹ̀ wàyí. Máa sùn ní ìtura. Kí Ọlọ́run fi ìtutù bo ilé rẹ, kí ó sì dárí gbogbo àṣìṣe rẹ jì ọ́." Gbogbo wọn ṣe àmín. Ẹbí náà ń ṣe àmín títí di òní yìí, àmín yín náà kò ní lọ lásán.

Fàrídà ṣan ọwọ́, ó nu ún sí aṣọ ara rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ gbé Màmá. Ó bọ́ sí ìta, ó gba àárín èrò kọjá, ó ń lọ tààrà. Kò sá gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ́tẹ̀ yìí, kò sì bojú wẹ̀yìn.